Àwòrán Alààyè, Orúkọ Òkú

Mo fọwọ́ sí ohun tí mi ò wò, nígbà tí wọ́n sì bi mí, mo ní mo wò ó. Ibẹ̀ ni ẹ̀bi mi wà. Ẹ jẹ́ n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí bí mo bá kọ́kọ́ sọ ìyà tó jẹ mí nílẹ̀ onílẹ̀, ẹ ó ti máa káàánú mi kí n tó dé ibi tí mo ti ṣe aburú. Mi ò fẹ́ àánú tí kò tọ́ sí mi.

Ọmọ Kétu ni mí, Kétu ìlú Alákétu, lábẹ́ ìjọba Bẹ̀nẹ̀, níbi tí a ti ń sọ Yorùbá nílé, tí a sì ń sọ Faransé nílé ìwé. Mo kàwé dé ọdún kejì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, bàbá mi kú, mo dúró. Nígbà tí mo ń bọ̀ ní Èkó, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ilé kan ni mo ti kúrò bọ́ sí òmíràn. Ṣebí èdè kan náà ni.

Ọjọ́ kejì tí mo dé ni mo mọ̀ pé mo ṣì í rò. Mo jáde lọ ra gààrí níwájú ilé tí mo wọ̀ sí ní Bàrígà. Mo kí ìyá tó ń tà á dáadáa, mo ní kí wọ́n bá mi wọn kóńgò kan. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

“Kí lo wí?”

Mo tún un sọ.

“Sọ Yorùbá, jàre.”

“Yorùbá ni mò ń sọ, mà.”

Wọ́n yíjú sí obìnrin tó jókòó tì wọ́n, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ wá gbọ́ Àgànyìn o! Ó ní Yorùbá lòun ń sọ. Ibo lo ti wá?”

“Kétu, mà.”

“Kétu tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú yìí náà? Ibẹ̀ lo ti wá tó o fi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀?”

Gààrí náà pé kóńgò, mi ò lè parọ́ mọ́ wọn, wọ́n tiẹ̀ tún fi ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe di Àgànyìn nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ojúlé ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó fẹ́ kí n bá òun fa omi, Àgànyìn. Ẹni tó fẹ́ kí n kúrò lójú ọ̀nà, Àgànyìn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ bí àwọn èèyàn Bàrígà ṣe ń sọ̀rọ̀, mo ń sín wọn jẹ nínú yàrá nígbà tí ẹnikẹ́ni ò sí nílé. Mo gé ìdí ọ̀rọ̀ mi kúrò, mo fi tiwọn rọ́pò. Mo kọ́ láti máa sọ “ṣé o get” àti “abi”. Nígbà tó fi máa di oṣù mẹ́fà, ẹni tí kò bá mọ̀ mí tẹ́lẹ̀ kò lè mọ̀. Inú mi dùn sí i nígbà náà. Ṣùgbọ́n tí mo bá wá pe ilé, àbúrò mi á máa rẹ́rìn-ín sí mi pé mo ti di ará Èkó, pé ahọ́n mi ti yí. Níhìn-ín, ahọ́n mi ò tíì yí tó. Lọ́hùn-ún, ó ti yí jù.

Ọjọ́ Àìkú ló máa ń burú jù. Gbogbo ilé á wọṣọ, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, agboolé á dákẹ́. Èmi á fọ ṣẹ́ẹ̀tì kan, n ó tún un fọ̀, kí ọ̀sán lè pọ́n.

Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ríṣẹ́, ní Ṣómólú. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé ojúlé mọ́ ojúlé ni wọ́n ti ń tẹ̀wé níbẹ̀: káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, pósítà. Òórùn yíǹkì kì í kúrò lára aṣọ. Ọ̀gá wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, Díákónì náà sì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Iṣẹ́ gígé bébà ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀, ìyá mi pè.

“Iṣẹ́ wo lò ń ṣe gan-an?”

Mo wo ọwọ́ mi tí bébà ti gé kiri. “Kọ̀ǹpútà ni, Ìyá.”

Ó figbe ta. “Kọ̀ǹpútà! Ẹ wá gbọ́ o! Ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà l'Ékòó!” Mo gbọ́ tí àwọn aládùúgbò ń kí i kú oríire. Mi ò lè fà á sẹ́yìn mọ́.

Ṣakiru ló sọ irọ́ yẹn di òótọ́ fún mi. Ẹ̀gbá ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Fọlá Àgòrò ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì ń gbé. Òun ló kọ sọ́fúwíà tí ilé ìtẹ̀wé wa ń lò. Òun nìkan, nínú gbogbo wọn, ni kì í pè mí ní Àgànyìn. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé ló béèrè orúkọ tí bàbá mi sọ mí, ohun tó sì ń fi pè mí nìyẹn títí tó fi lọ. Ó rí i pé mo máa ń dúró lẹ́yìn ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà, mo ń wò. Lọ́jọ́ kan, ó fa àga.

“Jókòó. Wíwò ò kọ́ni.”

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni ń sọ̀rọ̀ fún àbúrò rẹ̀.

“Ṣé o ti rí àwọn ọmọ ilé kéú tí wọ́n bá ń lọ sílé, tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú? Bí mo ṣe to iṣẹ́ sínú ẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ yìí di ti iwájú mú, ti ẹ̀yìn di òun náà mú. Orúkọ ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀, àwòrán ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀, iye tí a máa tẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Kọ̀ǹpútà yìí ní bátìrì, iná lọ o, iná ò lọ o, kò ní kú. Ṣùgbọ́n àpótí tá a ń kó àwòrán sí ò ní. Tí iná bá wá ṣẹ́jú nígbà tí àwọn méjèèjì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ńkọ́?”

“Wọ́n á já ọwọ́ ara wọn sílẹ̀.”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Ọmọ máa sọnù. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ẹ̀ máa dákú ni. Díákónì á pè mí láti ilé, àwọn oníbàárà á ti tò síta, wọ́n á máa ṣépè. Ìgbà tó sú mi ni mo kọ alátùn-únṣe sí i. Kò ní dá iṣẹ́ dúró. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ ni á máa ka àwọn ọmọ náà wò. Mo ti fún un lófin: iṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ wà láìní àwòrán, àwòrán ò gbọ́dọ̀ wà láìníṣẹ́, iṣẹ́ méjì ò gbọ́dọ̀ di àwòrán kan mú. Ibi tí òfin bá ti fọ́, á wá ọ̀nà tó kúrú jù tó lè fi dí i, á sì máa lọ.”

“Ó mọ gbogbo nǹkan nìyẹn.”

“Rárá o!” Ó fọwọ́ gbá tábìlì. “Ibi tí mo fẹ́ kó o ti fetí sílẹ̀ nìyí. Kò mọ òótọ́. Bí nǹkan ṣe yẹ kó tò ló mọ̀. Tó bá rí ọmọ tí ò ní ìyá, tó rí ìyá tí ò lọ́mọ lọ́wọ́, á fà wọ́n lé ara wọn lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ ìyá ẹ̀. Ó lè má jẹ́. Èèyàn ló máa wò ó.”

Torí náà ni a ṣe ní àpò ìwé. Gbogbo iṣẹ́ tó bá wọlé, àwòrán tí oníbàárà mú wá àti orúkọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ máa wọ inú àpò ìwé aláwọ̀ bébà sìmẹ́ńtì, a ó fi kọ́ ìṣó lára ògiri. Bí alátùn-únṣe bá ti tún nǹkan ṣe, ìlà yẹ́lò á yọ lójú kọ̀ǹpútà, á sọ iṣẹ́ tó fọwọ́ kàn. Ẹni tó wà nídìí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dìde, kó ṣí àpò ìwé iṣẹ́ náà, kó fi wé ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, kó wá fọwọ́ sí ìwé àyẹ̀wò. Díákónì fẹ́ràn ìwé àyẹ̀wò yẹn. Wọ́n máa ń sọ pé ọwọ́ tí èèyàn bá kọ ni ẹ̀rí rẹ̀.

Èmi ni wọ́n wá fi sídìí rẹ̀.

Oṣù kejì ni mo ṣe ohun tí mo ṣì ń rántí pẹ̀lú ayọ̀. Iná ṣẹ́jú, yẹ́lò yọ, mo dìde, mo ṣí àpò ìwé. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan fẹ́ dìbò yan alága, ọ̀kan nínú àwọn tó ń díje gbé pósítà wá. Alátùn-únṣe ti mú àwòrán ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, tó jẹ́ ti káàdì ìsọmọlórúkọ, ó ti fi sí i. “Ẹ dìbò fún onírìírí,” ọmọ jòjòló di ojú pọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Mo pe Ṣakiru. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ó ní. “Ọmọ yẹn ò tíì kọ́ irọ́ pípa.”

Díákónì gbọ́, wọ́n wá, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Lọ́jọ́ yẹn, mo rìn láti Ṣómólú dé Bàrígà bí ẹni tó nílé níbẹ̀. Mo pe ìyá mi, mo sọ fún un nípa Ṣakiru, bó ṣe kọ́ mi níṣẹ́ láìgba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n sọ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i dáadáa, kí òun lè máa fi í sínú àdúrà.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo ṣí àpò ìwé fún oṣù mẹ́ta, mẹ́rin. Gbogbo ohun tí alátùn-únṣe bá ti tò, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Mo ń ṣí i, ó tọ̀nà. Mo ń ṣí i, ó tọ̀nà. Ìgbà tó yá, mo ń ṣí ọ̀kan nínú mẹ́ta. Ìgbà tó tún yá, mo ń fọwọ́ sí ìwé àyẹ̀wò kí n tó kúrò lórí àga, mo wá kúkú ń fọwọ́ sí i láìkúrò lórí àga rárá. Ẹnikẹ́ni ò bi mí.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, iná ṣẹ́jú nígbà mẹ́ta lọ́sàn-án. Ìlà yẹ́lò méje ló yọ. Mi ò ní parọ́ pé iṣẹ́ pọ̀ jù, tàbí pé ara mi ò yá. Àgbàdo sísè ni mò ń jẹ, ọwọ́ mi ti rẹ omi iyọ̀, mi ò sì fẹ́ dìde lọ fọ̀ ọ́. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ni láti àga mi dé ara ògiri. Mo fi ìka tó mọ́ mú bírò, mo fọwọ́ sí méjèèje.

Ọ̀kan nínú wọn ni pósítà ìkéde òkú Màmá kan ní Ọbáníkòró. Àwọn ọmọ wọn ti rí àpẹẹrẹ láàárọ̀, wọ́n ti ní ó dára, wọ́n ti lọ. Iṣẹ́ mìíràn tó wà nínú ìlà lọ́jọ́ náà ni kàlẹ́ńdà ọjọ́ìbí àádọ́rin ọdún ti tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń pè ní Màmá Tíṣà, ní Pẹ́dírò. Iná tó ṣẹ́jú já àwòrán àwọn méjèèjì gbà lọ́wọ́ wọn. Alátùn-únṣe rí iṣẹ́ tí kò ní àwòrán, ó rí àwòrán tí kò níṣẹ́, ó ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Kàlẹ́ńdà ò tíì kan títẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo tẹ pósítà yẹn, èmi ni mo ká a. Mo rí ojú obìnrin àgbà kan, mo rí orúkọ obìnrin àgbà kan, “Ó dàárọ̀ o, Màmá rere” wà lórí wọn. Ó tò. Ọkùnrin tó máa ń bá wa lẹ pósítà gbà á lọ́wọ́ mi, nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ó ti lẹ̀ ẹ́ yí Bàrígà ká, ó lẹ̀ ẹ́ dé Pẹ́dírò.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni obìnrin àgbà kan wọlé, wọ́n wọ búbá funfun, wọ́n ká pósítà kan mọ́ abíyá.

“Ẹ káàárọ̀ o,” wọ́n ní. “Èmi ni òkú.”

Díákónì jáde láti inú, wọ́n wo pósítà, wọ́n wo ojú obìnrin náà. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tí a ò tíì gbá tán.

“Dìde, jàre. Òkú kì í gba ìdọ̀bálẹ̀.” Màmá Tíṣà jókòó láìdúró kí a fún wọn lága. “Láti aago mẹ́fà ni wọ́n ti ń wá kí àwọn ọmọ mi kú ara fẹ́ra kù. Èmi ni mò ń ṣílẹ̀kùn fún wọn. Obìnrin kan rí mi, ó sáré, ó fi sálúbàtà ẹ̀ kan sílẹ̀ fún mi.”

Ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Màmá Tíṣà wò ó.

“Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Ìṣẹ́yìn. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni. Wọ́n fi èyí hàn án lórí fóònù kí ẹnikẹ́ni tó pè mí. Ó ṣubú. Ọsibítù ló wà bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.” Ohùn wọn ò ròkè. “Àwọn ọmọ ẹni tó kú lóòótọ́ náà ti pè mí, wọ́n ń sunkún. Wọ́n ń bẹ̀ mí. Kí ni wọ́n ṣe? Kí oòrùn tó wọ̀, mi ò fẹ́ rí ojú mi lára ògiri kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wádìí ẹni tó ṣe é. Mi ò ní bú u. Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tó wo ojú mi tí kò rí mi.”

Èmi àti Ṣakiru ni Díákónì rán pẹ̀lú garawa omi àti ọ̀bẹ. A bẹ̀rẹ̀ láti Pẹ́dírò, a ń rẹ ògiri, a ń họ ọ́. Àtè náà ti gbẹ. Ojú ni ó máa ń gbẹ̀yìn nígbà gbogbo.

Bàbá kan dúró tì wá ní Bàrígà. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń họ òkú kúrò lára ògiri, ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run?”

“Wọn ò kú, sà,” Ṣakiru ní.

“Ta ni ò kú?”

“Màmá tó wà nínú àwòrán.”

“Ta ló wá kú?”

“Ẹlòmíì ni, sà.”

Bàbá náà mi orí, wọ́n kọjá. “Èkó yìí! Òkú gan-an, wọ́n ti ń ṣe ayédèrú ẹ̀.”

Ó yẹ ká rẹ́rìn-ín. Ṣakiru ti ọ̀bẹ rẹ̀ bọ abẹ́ igun bébà, kò wò mí.

“Ṣé o ṣí àpò ìwé náà?”

“Mo ṣí i.”

“Ó dáa.” Ó họ ọ́ díẹ̀. “Mo ti wo àkọsílẹ̀ alátùn-únṣe. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló tún un ṣe. Kò tún fọwọ́ kàn án mọ́.” Ó tún họ ọ́ díẹ̀. “Nǹkan méje lo fọwọ́ sí. Àpò ìwé méje.”

“Mo máa ń yára.”

“Ó dáa.”

Ó bu omi sí ògiri. Ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún mi níbẹ̀, ọ̀nà gbọ̀ọ̀rọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀. Láti ibẹ̀ títí a fi họ pósítà tó gbẹ̀yìn, ó kàn ń dúró dè mí. Èmi náà mọ̀ pé ó ń dúró.

Nígbà tí a padà dé, Díákónì ti kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Àwọn onítẹ̀wé méjì láti ojúlé kejì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, torí ọ̀rọ̀ náà ti tàn. Ìwé àyẹ̀wò wà ní ṣíṣí lórí tábìlì.

“Ọwọ́ ta nìyí?”

“Ọwọ́ mi ni, sà.”

“Ṣé o wò ó kó o tó fọwọ́ sí i?”

Mo rántí pé mi ò ní ìwé kankan tó sọ pé kí n máa gbé ní orílẹ̀-èdè yìí. Mo rántí ìyá mi àti àwọn aládùúgbò tó ń kí i kú oríire. Mo rántí gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹnu mi sì ti là kí n tó pinnu.

“Mo wò ó, sà. Bí mo ṣe wò ó, ó tọ̀nà. Á jẹ́ pé ẹ̀rọ yẹn tún pa á dà lẹ́yìn tí mo ti fọwọ́ sí i.”

Ṣakiru gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ síwájú Díákónì. Ó fi àkọsílẹ̀ hàn wọ́n, ìgbà tí alátùn-únṣe tún un ṣe, àti pé kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Díákónì ò tiẹ̀ wò ó tán.

“Ta ló kọ èyí?”

“Sọ́fúwíà náà ló ń kọ ọ́ fúnra ẹ̀, sà.”

“Èyí tó ṣe é náà ló tún kọ ọ́! Ṣakiru, ṣé ẹnu olè la ó ti gbọ́ ẹjọ́ olè?”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bi í léèrè dáadáa. Nǹkan méje ni.”

“Kí ni n ó tún bi í?” Díákónì nàka sí mi. “Èyí? Àgànyìn yìí? Ẹ wo ojú ẹ̀. Kò lọ́gbọ́n àtipurọ́. Ìwọ lo gbọ́n. Ìwọ lo kó nǹkan tó ń dá ara ẹ̀ ṣe wọ inú iṣẹ́ mi.”

Àwọn onítẹ̀wé méjèèjì mi orí pé òótọ́ ni. Odidi ọdún kan àtààbọ̀ ni orúkọ yẹn fi ń gún mi lára. Lọ́jọ́ yẹn, òun ló gbà mí, mo sì jókòó sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó sá fún òjò.

Ṣakiru yíjú sí mi. Ó fi orúkọ tí bàbá mi sọ mí pè mí.

“Sọ̀rọ̀,” ó ní.

Mo wo ilẹ̀.

Ó kó wáyà rẹ̀ sínú báàgì, ó kí Díákónì pé ó dàbọ̀, ó jáde. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí ẹnì kan wá yọ alátùn-únṣe kúrò. Láti ìgbà náà, tí iná bá ti ṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ á dákú, àwọn oníbàárà á tò síta, wọ́n á máa ṣépè. Àwọn onítẹ̀wé méjì tó wà níbẹ̀ lọ sọ ọ́ ní ojúlé wọn, àwọn yẹn sọ ọ́ ní tiwọn. Ní Ṣómólú tí a ti mọ ara wa, kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí Ṣakiru fi di “ẹni tí ẹ̀rọ ẹ̀ pa alààyè”. Ilé ìtẹ̀wé mẹ́rin tó kọ sọ́fúwíà fún ló dá a padà. Ẹ̀gbọ́n Màmá Tíṣà jáde ní ọsibítù, ṣùgbọ́n a gbọ́ pé apá òsì wọn ò gbé nǹkan mọ́. Wọ́n sọ fún Màmá Tíṣà pé ẹ̀rọ ló ṣe é. Màmá ní, “Ẹ̀rọ kẹ̀?”

Èmi ni wọ́n fún ní àga Ṣakiru.

Ìyá mi pè lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní wọ́n ti gbé mi ga. Ó súre títí ohùn rẹ̀ fi há, ó wá béèrè pé, “Ṣakiru ńkọ́? Ṣé inú ẹ̀ dùn sí i?”

“Ó rìnrìn àjò, Ìyá.”

“Ọlọ́run á mú un dé láyọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń pe orúkọ ẹ̀.”

Mo ní iná fóònù mi fẹ́ tán. Kò fẹ́ tán. Mo ronú lọ́jọ́ yẹn nípa bí mo ṣe tún ara mi tò láti ìgbà tí mo ti dé: ahọ́n mi tò, aṣọ mi tò, iṣẹ́ mi tò. Ẹni tó bá kà mí wò láti ìta kò ní rí ibi tí òfin ti fọ́.

Ó lé ní ọdún kan kí n tó wá Ṣakiru lọ. Fọlá Àgòrò ni mo ti bá a, níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, ó fi tábìlì kékeré kan síta, ó ń pààrọ̀ ojú fóònù tó fọ́. Ó ti rù. Ó rí mi, ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó sọ́dọ̀ mi.

“Jókòó.”

Mo jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sọ ti àgbàdo, mo sọ ti ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Ó ń fi irin tín-ín-rín kan yọ dígí fóònù bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

“Mo ti mọ̀ láti Bàrígà,” ó ní.

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?”

“Kí n sọ kí ni? Àkọsílẹ̀ gan-an, wọn ò gbà á gbọ́. Ìwọ ni mò ń dúró dè.”

“Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá mi, ẹ dárí jì mí.”

Ó gbé irin náà sílẹ̀. “Mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́. Inú bíbí ò jẹ́ kí ọwọ́ dúró, iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí sì fẹ́ kí ọwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n èyí tó o wá sọ fún mi yìí, kò sí ohun tí mo lè fi ṣe. Èmi ò sí lára àwọn tí ò mọ̀.”

“Kí n wá ṣe kí ni?”

“O ò mọ ọ́fíìsì Díákónì?” Oníbàárà kan dé, Ṣakiru gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e síwájú oòrùn, ó ń wò ó. Nígbà tó yá, mo dìde.

Láràárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Díákónì máa ń kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ gbàdúrà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn onítẹ̀wé ojúlé kejì náà máa ń yà. Lẹ́yìn “àmín”, wọ́n á wò yí ká, wọ́n á ní, “Ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀?” Wọ́n máa ń dúró díẹ̀. Ní gbogbo Ọjọ́ Ajé láti ìgbà tí mo ti Fọlá Àgòrò dé, mo ti mọ ohun tí n ó sọ. Kò gùn. Mo ti sọ ọ́ nínú yàrá mi, ní ohùn Èkó, ní ohùn Kétu. Tó bá dé ibẹ̀, n ó ronú kan àga, n ó ronú kan ilé, Díákónì á ní ká lọ ṣiṣẹ́, gbogbo wa á sì lọ.

Mo ti kọ ọ́ síbí, ẹ sì ti kà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ ni mo jẹ ní gbèsè. Ṣakiru ni mo jẹ, níwájú àwọn tó gbọ́ irọ́ mi ni ó sì ti yẹ kí n san án. Mi ò tíì san án.